Réésà, Rípà Àbí Abẹ́rẹ́: Èwo Ló Yẹ Ká Fi Tú Aṣọ Tí Wọ́n Ti Rán?

Kò sí aránṣọ tí kì í tú aṣọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun kò tú aṣọ rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àná ló kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Apá aṣọ a máa fún ju bó ṣe yẹ lọ, ọrùn a máa ṣí sílẹ̀ jù, oníbàárà a sì máa sanra láàárín oṣù méjì tí aṣọ rẹ̀ fi wà lọ́wọ́ télọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gbé aṣọ àtijọ́ jáde nínú àpótí, tí a óò ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi rán irú èyí tó lòde báyìí. Títú yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ṣẹ́, bí ẹni pé iṣẹ́ tí kò gba ọgbọ́n ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n fi réésà la léèsì mi.

Léèsì aláwọ̀ aró kan ni, mo rán an fún ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ wò, ìbàdí rẹ̀ fún mi pinpin, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù. Ìyá tó rán an, ẹni tí mo ti ń gbé aṣọ fún láti ọjọ́ pípẹ́, ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ tó ṣeé tú. Ó ju aṣọ náà sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ọmọbìnrin tí kò tíì lo oṣù mẹ́rin níbẹ̀, ó sì na ìdajì réésà kan sí i. Iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì ni ọmọ náà há mọ́ èjìká. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Bó ṣe fa réésà náà lẹ́ẹ̀kan báyìí, a gbọ́ ìró kan, ìró náà kì í sì í ṣe ti òwú. Nígbà tí a gbé aṣọ náà wá síbi ìmọ́lẹ̀, ojú tó là níbẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́ mi, iwájú ìbàdí gan-an ló sì wà.

Kí n tó lè lanu sọ̀rọ̀, ọ̀gá ti gbá ọmọ náà létí. Ọmọ náà wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó ń wí pé, “Ẹ má bínú, mà, ẹ jọ̀ọ́, mà.” Mo bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè pé ta ló kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń mú réésà. Kò fún mi lésì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aránṣọ tí mo bá pàdé, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ohun tí wọ́n fi ń tú aṣọ àti ìdí tí wọ́n fi yàn án, tí mo sì ń dán ohun tí wọ́n sọ wò lórí àwọn aṣọ tèmi. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kí a tó mọ ohun tí a óò fi tú aṣọ, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ tú. Ẹ wo ẹnu àpò ìrẹsì. Bí ẹ bá mọ òwú tó yẹ kí ẹ fà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa tú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin àti ọ̀bẹ ni yóò jọ jà á. Irú ìrán bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀wọ̀n: òwú kọ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, ìkọ́ kan ló di èkejì mú, tí ti ìkẹyìn bá sì ti tú, gbogbo rẹ̀ tú nìyẹn. Irú rẹ̀ ni ẹ̀rọ Barthélemy Thimonnier, ará Faransé, ń rán nígbà tó gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1830. (Àwọn aránṣọ ìlú Paris ya bo ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1831, wọ́n fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà túútúú, nítorí wọ́n ní yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò bẹ̀rẹ̀ lóde òní.)

Ti ẹ̀rọ tó wà nílé àwọn aránṣọ wa yàtọ̀ sí èyí. Òwú méjì ló ń lò, ọ̀kan láti òkè, tó gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá, ìkejì láti ìsàlẹ̀, tó wà lára bọ́bìnnì. Àwọn méjèèjì a pàdé láàárín aṣọ, wọn a lọ́ mọ́ ara wọn, wọn a sì ti ara wọn pa bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Elias Howe, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń rán bẹ́ẹ̀ ní 1846. Agbára ìrán yìí náà ni ìyọnu rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ tú u, nítorí pé ibi kan lè já kí ibi tó kù má mira. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fi rán aṣọ, mílímítà 2.5 ni gígùn sítíìṣì kan. Èyí já sí pé bíi 10 sítíìṣì ló wà nínú ínǹṣì kan. Ẹ̀gbẹ́ gáwúnnù tó gùn ní 40 ínǹṣì yóò ní bíi 400. Ẹni tó bá fi réésà gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ti fún ara rẹ̀ ní ọ̀nà 400 láti gé aṣọ olówó iyebíye.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé gbogbo wọn. Nígbà tó jẹ́ pé òwú méjì ni, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ gé. Ẹ gé sítíìṣì kan, ẹ fo mẹ́ta, ẹ gé ìkẹrin, kí ẹ máa bá a bẹ́ẹ̀ lọ dé òpin. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí aṣọ padà, kí ẹ mú òwú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ fà á jẹ́jẹ́. Yóò jáde ní gbọọrọ, nítorí pé kò sí ohun tó dì í mú mọ́. Àwọn àgékù tó wà lójú kejì kò ju kí a gbọ̀n wọ́n dànù lọ. Ohun kan ṣoṣo yìí, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ó wúlò ju irinṣẹ́ tó wọ́n jù lọ lọ́jà. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló gba fírídọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn wọ́n.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ réésà. N kò fẹ́ bú u, nítorí òun ló kúnnú gbogbo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo dé, ìdí sì wà fún un. Owó rẹ̀ kéré, kíóòsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń tà á, ó sì mú ju gbogbo ohun yòókù lọ. King Camp Gillette, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ní 1904 lórí abẹ irùngbọ̀n tí a lè máa yọ ojú rẹ̀ jù nù kí a fi tuntun sí i, láti ibẹ̀ sì ni abẹfẹ́lẹ́ olójú méjì ti wọ ayé wa. Fífẹ́lẹ́ rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Irùngbọ̀n ni wọ́n ṣe é fún. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òwú tó so aṣọ pọ̀ àti òwú tí wọ́n fi hun aṣọ náà.

Mo rí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Bàbá arúgbó kan tó ń rán ṣòkòtò ni, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ó máa ń dá réésà sí méjì nínú bébà tó fi wé e, yóò wá fi bébà kan náà di ẹ̀yìn ìdajì tó mú dání, kó má baà gé ọwọ́ rẹ̀. Yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ìkángun aṣọ kan mọ́lẹ̀, yóò fi ọwọ́ òsì fa èkejì, kí ojú ìrán lè yà, kí òwú sì le bí okùn gòjé. Kì í fa réésà rárá. Ó kàn máa ń fi ojú rẹ̀ kan òwú, òwú yóò sì já fúnra rẹ̀, yóò máa dún tọ́-tọ́-tọ́. Bàbá yìí lè tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan kí ẹ tó mu omi ife kan tán. Ṣùgbọ́n ohun tó ń tú ni kí ẹ wò: kakí, jíǹsì, àǹkárá tó nípọn. Bó bá fa léèsì tàbí aṣọ tó ń nà bẹ́ẹ̀, aṣọ náà yóò ya tàbí kó fẹjú. Òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun kì í fi réésà sún mọ́ aṣọ obìnrin.

Nǹkan mìíràn wà tí wọn kì í fi ṣe ìṣirò nígbà tí wọ́n bá ní réésà kò wọ́n. Ó máa ń gé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ a sì kán sórí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. (Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe lo omi gbígbóná, yóò mú un gan pa síbẹ̀ ni.) Ìdajì rẹ̀ a tún máa sọnù sínú àkísà ilẹ̀, níbi tí ọmọ aránṣọ tàbí ọmọ oníbàárà ti ń rá.

Èyí tí èmi fi ń tú ọ̀pọ̀ aṣọ nísinsìnyí ni irinṣẹ́ kékeré tí àwọn aránṣọ ń pè ní rípà. Bí ẹ bá ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun fún ìlò ilé rí, ó ṣeé ṣe kó wà nínú àpótí rẹ̀ kí ẹ má sì mọ ohun tó wà fún. Ó dà bí fọ́ọ̀kì oníka méjì. Ìka kan gùn, ó sì mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ìkejì kúrú, wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ ike kékeré, tó sábà máa ń pupa, dé e lórí. Àárín àwọn ìka méjèèjì, níbi tí wọ́n ti so pọ̀, ni ojú tó ń gé nǹkan wà. Èyí ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀: ojú tó mú náà fara pamọ́ sínú kọ̀rọ̀, ohun tí ẹ bá fi ìka gígùn yẹn gbé nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lò ó. Nínú èkíní, ẹ ó ti ìka gígùn bọ abẹ́ sítíìṣì kan, ẹ ó tì í síwájú díẹ̀, òwú yóò yọ́ lọ sí kọ̀rọ̀ yẹn, yóò sì já. Ẹ ó fo mẹ́ta, ẹ ó gé ìkẹrin, bí mo ṣe wí lókè. Ọ̀nà kejì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó la ìdí ojú ìrán sílẹ̀, ẹ ó ti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sáàárín aṣọ méjèèjì, ẹ ó wá máa tì í lọ tààrà, yóò máa gé òwú bó ṣe ń lọ. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gún aṣọ. Àǹkárá àti àdìrẹ gba ọ̀nà kejì yìí dáadáa, bí ọwọ́ bá balẹ̀. Aṣọ tí híhun rẹ̀ bá tú kò gbà á, torí pé ìlẹ̀kẹ̀ náà yóò máa wọ́ okùn aṣọ ni. Ọ̀nà èkíní ni mo fi ń ṣe gbogbo èyí tí mo bá ń ṣiyèméjì lé lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bọ́tìnnì, síìpù àti òwú, ẹ má ṣe mú èyí tí igi rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, kì í dúró lọ́wọ́, ó sì máa ń ro ìka. Kí ẹ mú èyí tó ní ìdérí, kó má baà gún yín nínú báàgì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òwú díẹ̀, kí ẹ fà á le láàárín ọwọ́ méjèèjì, kí ẹnì kan fi rípà náà tì í. Bó bá já lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Bó bá jẹ́ pé ẹ níláti máa rẹ́ ẹ bí ẹni rẹ́ igi, ẹ dá a padà. Ìyẹn ni àṣìṣe tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tó ní rípà kò wúlò: èyí tó ti kú ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Rípà tó ti kú léwu ju èyí tó mú lọ, nítorí ẹ ó fi agbára tì í, òwú yóò já lójijì, ọwọ́ yóò sì bá a wọnú aṣọ. Kò rọrùn láti pọ́n. Ẹ ra òmíràn.

Àwọn kan tún ń fi í la ojú bọ́tìnnì. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi píìnì kan dábùú ìparí ojú náà kó má baà kọjá ààlà.

Pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ mi sí rípà, n kì í fi kan léèsì. Léèsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń wọ̀ láti bí ọdún 1960 síwájú, pàápàá èyí tó ń wá láti agbègbè Vorarlberg ní Austria, òwú ni iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀, ojú lásán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mọ èyí tí télọ̀ rán yàtọ̀ sí èyí tí ilé iṣẹ́ rán. Ìka gígùn rípà yóò gbé méjèèjì pọ̀. Níbẹ̀, àlùmọ́gàjí kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ló dára jù. Ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síta, kí ẹ ti bébà dúdú sábẹ́ rẹ̀ bí léèsì náà bá mọ́lẹ̀, tàbí bébà funfun bó bá dúdú. Ẹ ó rí òwú télọ̀ bí ó ṣe lọ tààrà, tí ti iṣẹ́ ọnà sì ń yí kiri. Kí ẹ gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, lójú mọ́mọ́. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òkúta bá wà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí òwú wọn gbà, torí òwú kan lè so mẹ́wàá, bí ẹ bá sì gé e, gbogbo wọn yóò dà sílẹ̀.

Èyí tó gba sùúrù jù ni aṣọ-òkè. Ẹ mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, fífẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 4 ínǹṣì, kí wọ́n tó wá rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ìró di agbádá tàbí fìlà, àfi kí ẹ tú àwọn ojú ìrán yẹn. Ewu rẹ̀ wà ní etí. Ibi tí òwú ìránṣọ gbà náà ni òwú híhun ti ń yí padà láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Bí réésà tàbí rípà bá gé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ìyípadà yẹn, etí náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, kò sì ní dúró síbì kan.

Ìyá mi fún mi ní ẹtù kan tí ìyá tirẹ̀ fún un. Ẹ̀ṣọ́ ni mo fi ń mú un. Ẹni tó hun ún ti kú tipẹ́, n kò sì lè rí òwú aró tó dúdú tó bẹ́ẹ̀ rà lọ́jà. Mi ò gbé e fún télọ̀ kankan. Mo mú abẹ́rẹ́ tó tóbi, tí wọ́n fi ń rán àpò, èyí tí ẹnu rẹ̀ ti kú, mo fi ń gbé sítíìṣì sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì lè gún òwú híhun torí kò mú. Nígbà tí mo bá rí i pé òwú ìránṣọ nìkan ló wà lórí abẹ́rẹ́, mo wá ń fi ẹnu àlùmọ́gàjí gé e. Aró lórí aró ni, nítorí náà n kò jẹ́ ṣe é lálẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń jókòó sójú fèrèsé, ó sì gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an láyé ìgbà yẹn, ẹni tó rán an sì máa ń ta kókó ní gbogbo ìwọ̀n ọwọ́ kan, bóyá kí gbogbo rẹ̀ má baà tú bí ibì kan bá já. Inú mi dùn nígbà tí mo rí àwọn kókó yẹn. Tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde láìlábàwọ́n. Bí wọ́n bá fún yín ní sányán tàbí àlàárì tó ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe sí i, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi réésà kàn án, kódà bó bá jẹ́ ọ̀gá àwọn ọ̀gá.

Àrán náà dára fún abẹ́rẹ́, láti inú, nítorí pé irun ojú rẹ̀ ń bo sítíìṣì mọ́lẹ̀. Ní ti etí aṣọ tí wọ́n ti wíìfù, kò le tó bó ṣe rí lójú. Òwú tó lọ tààrà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ gé e káàkiri, kí ẹ sì fà á yọ. Àwọn òwú tó ń lọ́ mọ́ etí yóò bọ́ sílẹ̀ fúnra wọn.

Lẹ́yìn títú, àwọn àgékù òwú yóò kù sára aṣọ. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ fi máa tẹ̀ wọ́n, yóò kó wọn. Ihò abẹ́rẹ́ náà yóò hàn. Lára àǹkárá àti kọ́tìnnì, ẹ fi èékánná họ ọ́ lọ sókè àti sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ẹ lọ̀ ọ́, yóò pa dé. Awọ kì í pa ihò rẹ̀ dé láéláé, sátíìnì àti sílíìkì pẹ̀lú sì máa ń ṣagídí. Nítorí náà, bí aṣọ irú bẹ́ẹ̀ bá fún, tí ẹ sì fẹ́ tú u kó lè fẹ̀ sí i, ìlà àtijọ́ yóò wà lójú aṣọ. Ó yẹ kí aránṣọ sọ èyí fún oníbàárà kó tó mú ohunkóhun dání.

Léèsì aláwọ̀ aró tèmi, wọ́n gé òdòdó kan lára àyè tó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi bo ojú tó là náà. Iṣẹ́ náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ mi yóò rí i. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Àwọn àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà nílé, ọwọ́ òsì mi sì wà níbàdí nínú gbogbo wọn.